Ooru Yìí Mà Pọ̀ O

(Ọ̀rọ̀ orí rédíò, ètò ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, Alágbàká, Àkúrẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní Alágbàká níbí, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Ẹ̀yin tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá dúró lójú ọ̀nà Ọba Adésidà, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń palẹ̀ àtẹ mọ́ ní Ọjà Ọba, ajé á wọ igbá o.

Gbogbo kíkí tí mo kí yín yẹn, mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó wọ sítúdíò. Kì í ṣe pé mo jẹ́ àlejò. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí. Ọdún 1976 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí wọ́n fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú rẹ̀, ni wọ́n bí mi. Bí mo ṣe máa ń kí èèyàn láti kékeré nìyẹn. Mo ní ìwé kan tí mo ń to ìkíni sí: ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú òjò, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Tí mo bá rí àgbà lọ́nà, màá wá èyí tó bá ọ̀rọ̀ mu, màá sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń já mi jù sílẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n bá ti dá mi lóhùn tán. N kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún ìyẹn.

Ẹni ọdún 46 ni mí nígbà tí mo tó mọ orúkọ ohun tí mo ń sọ yìí. Ọ́tísìmù ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ ọmọdé tó ní ọ́tísìmù kọ́ ni mo bá wá lónìí. Mo fẹ́ sọ bí àgbàlagbà ṣe ń wo ara rẹ̀ lẹ́yìn tí dókítà bá ti sọ fún un pé òun náà wà nínú wọn.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òwe yìí bà mí lẹ́rù ju pàṣán lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, torí pé ààbọ̀ tí wọ́n bá sọ fún mi, ààbọ̀ náà ni yóò wà nínú mi. Ẹ gbọ́ èyí. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ọ̀gá wa wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta. Ó dúró níwájú tábìlì mi, ó ń fi fáìlì fẹ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ooru yìí mà pọ̀ o." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Oṣù kẹta ni." Mo bá iṣẹ́ mi lọ. Fáànù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ mi tó o, iná sì wà lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá dúró díẹ̀, ó yí padà, ó jáde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti kárí ọ́fíìsì pé mo fi ojú ọ̀gá gbolẹ̀, pé ìwé tí mo kà ló ń gùn mí. Aago mẹ́ta òru ni mo ta jí, tí mo jí ìyàwó mi. Mo ní, "Fáànù ni! Ó fẹ́ kí n tan fáànù!"

Tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àṣìṣe ni. Tó bá ń ṣẹlẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, á di orúkọ mọ́ èèyàn lára. Agbéraga ni wọ́n pè mí. Wọ́n pè mí ní olóríkunkun, wọ́n pè mí ní ọlọ́kàn líle. Èyí tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé èmi náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni mo rí. Bí ẹni tí wọ́n gbé ìwé ẹ̀sùn síwájú rẹ̀ tí kò kà á, mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́.

Kí ni ọ́tísìmù gan-an? Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ràn. Kì í ṣe àfiṣe, ẹ̀mí òkùnkùn kọ́ ló ń fà á. Bí a ṣe dá ọpọlọ ẹlòmíràn láti inú oyún ni, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Ọ̀nà méjì ló máa ń gbà hàn. Èkíní ni ìbáraẹnisọ̀rọ̀: ohun tí èèyàn sọ yé wa, ṣùgbọ́n ohun tó fi sílẹ̀ láìsọ lè má yé wa. Èkejì ni pé a fẹ́ kí nǹkan wà bó ṣe wà, ohun kan ṣoṣo máa ń gbà wá lọ́kàn, ara wa sì máa ń gbọ́ ohun tí ara ẹlòmíràn kì í gbọ́. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ti gbàgbé pé ó ń dún, inú eyín mi ló ń dún sí. N kì í jẹ ilá. Kì í ṣe adùn rẹ̀ ni mo kọ̀, yíyọ̀ rẹ̀ lọ́nà ọ̀fun ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èmi nìkan wọn gbogbo wa. Àwọn kan nínú wa kò ní sọ̀rọ̀ láéláé, wọ́n sì nílò ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn tọ̀sán-tòru. Orúkọ kan náà ni à ń jẹ́, ẹrù wa kò dọ́gba.

Ẹ lè bi mí pé kí ni Yorùbá ń pè é. A ní adití, a ní odi, a ní arọ, a ní àfín, a ní abuké. Àwọn baba wa rí àfín, wọ́n rí abuké, wọ́n ní ẹni òrìṣà ni wọ́n, Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ojú rí ni wọ́n fún ní ààbò yẹn. Èyí tí ojú kò rí, ìwà ni a kà á sí. Ẹ̀yin náà mọ bí ìwà ṣe wúwo tó láàárín wa. Bí ẹni kan bá rọ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ló rọ. Bí wọ́n bá ní ìwà ẹni kan kò dára, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dá lẹ́bi.

Àṣà wa tún fi wá pamọ́ lọ́nà mìíràn. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ọ̀kan nínú àmì tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣọ́ ni bóyá ọmọ ń wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Nílé tiwa, ta ló fẹ́ kí ọmọ wo òun lójú? Tí bàbá bá ń bá ọmọ wí, tí ọmọ ń wò ó ranran, ìfọ́tí ló kàn. Ọmọ tó wolẹ̀ ni a ní ó lẹ́kọ̀ọ́. Èmi wolẹ̀ títí, wọ́n sì ń yìn mí. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ àṣà: ó ràn mí lọ́wọ́ náà. Ìkíni tó ní òfin rọrùn fún mi ju ìtàkúrọ̀sọ tí kò lófin lọ. Ká ní ìlú tí wọn kì í ti í kí èèyàn ni wọ́n bí mi sí, n kò mọ ohun tí ǹ bá fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin kan yóò tún sọ pé, "Ṣé àwa náà kò dàgbà ni? A kò gbọ́ irú èyí nígbà tiwa." Òótọ́ ni, ẹ kò gbọ́. Ní ọdún 1943, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Leo Kanner, kọ̀wé nípa ọmọ 11, ọkùnrin 8, obìnrin 3. Ẹni àkọ́kọ́ nínú ìwé náà ni Donald Triplett, ọmọ ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Forest, ní Mississippi. Donald dàgbà, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì ìlú wọn, ó ń gbá gọ́ọ̀fù, àwọn ará ìlú mọ bó ṣe rí, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún 89 ni nígbà tó kú ní 2023. Ní 1944, dókítà mìíràn ní Vienna, Hans Asperger, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ wọn kò lóye wọn. Èdè Jámánì ló fi kọ ọ́, ìwé náà sì wà níbẹ̀ bí ẹrù tí olówó rẹ̀ kò wá gbà, títí di 1981 tí Lorna Wing, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ bí ọmọ tó ní ọ́tísìmù, fi gbé e jáde fún gbogbo ayé. Ní 2013, àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí iye. Ní 1966, Victor Lotter ka àwọn ọmọ ní Middlesex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó rí bíi mẹ́rin sí márùn-ún nínú ọmọ 10,000. Fún ọdún 2021, iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ jẹ́ bí ẹnì kan nínú 127. Ohun tó fà á jù ni pé ojú tí a fi ń wá wọn ló là sí i. Lotter yìí kan náà wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1978. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọpọlọ wọn kò jí pépé ló yẹ̀ wò. Ọmọ ọdún méjì ni èmi nígbà náà, ní Àkúrẹ́. N kò tíì sọ̀rọ̀, ìyá mi sì ń bu omi sínú agogo ilé ìwé fún mi mu kí ohùn mi lè là. Nígbà tí mo pé ọdún mẹ́fà, mo mọ nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá níwájú ilé wa sórí. Ta ni yóò wá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà? Wọ́n ní màá di akọ̀wé.

Ọmọbìnrin mi ló mú mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Olùkọ́ rẹ̀ ló ní kí a lọ ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Kí n má tàn yín, ẹ̀rù bà mí. Nílẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n bá ti dárúkọ dókítà ọpọlọ, ilé-ìwòsàn ọpọlọ Àrò ló ń wá sí wa lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, ohun tí ayé fi mọ̀ ọ́n ni pé ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí wọ́n jọ máa jẹ, kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́. Àwa la sọ orúkọ ibẹ̀ di èébú.

A dé Ìbàdàn, dókítà ń bi wá ní ìbéèrè nípa ọmọ. Ṣé ó máa ń bínú tí ètò bá yí padà? Mo ní, "Ìyẹn ò burú, èmi náà máa ń ṣe é." Ṣé ó máa ń to nǹkan sórí ìlà? "Èmi náà." Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìyàwó mi já mi léèékánná lábẹ́ tábìlì. Mo yíjú sí i, mo gbóhùn sókè, "Kí ló dé tó o fi ń já mi léèékánná?" Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n padà wá, kí n wá fún ara mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ. Wọn kò fa ẹ̀jẹ̀ lára mi, torí kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí àwòrán ọpọlọ tó lè fi ọ́tísìmù hàn. Ìbéèrè ni, àti ìtàn. Wọ́n fi fóònù pe ìyá mi, kó sọ bí mo ṣe ń ṣeré ní kékeré. Ìyá mi ní, "Dókítà, ọmọ mi ò ṣeré rí o. Iṣẹ́ ló máa ń ṣe. Ìdérí kóòkù ló máa ń tò. Tí ẹ bá sún ẹyọ kan péré, ẹkún dé nìyẹn, ó di alẹ́."

Wọ́n fún mi ní lẹ́tà olójú-ewé méjì. Mo wọ ọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́, lẹ́tà náà wà lórí itan mi. Kí a tó dé Gbọ̀ngán, ìtura nìkan ni mo mọ̀. Mo rántí ìgbéyàwó àbúrò mi, bí léèsì aṣọ ẹbí ṣe ń yún mi bí ewé èsìsì, bí gbohùngbohùn ṣe ń lù mí láyà, tí mo fi lọ jókòó sínú ọkọ̀, tí mo yí gíláàsì sókè. Ẹbí ní mo ń jowú àbúrò mi. Mo sọ fún ara mi nínú ọkọ̀ yẹn pé, "O ò jowú ẹnikẹ́ni."

Nígbà tí a dé Iléṣà, inú ti ń bí mi. Mo rántí tíṣà tó bi mí pé, "Ṣé o fẹ́ kí n nà ẹ́ ni?" Mo ní, "Rárá, sà." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, mo sì jẹ ẹgba mẹ́fà. Ogójì ọdún ni mo fi ń wá ìdáhùn tó yẹ kí n fún un.

Ní Igbára-Òkè ni ẹkún gbọ̀n mí. Nígbà tí bàbá mi kú, n kò sunkún. Àga ni mo ń tò lábẹ́ tẹ́ǹtì láti àárọ̀. Mo kà wọ́n, 340 ni wọ́n. Àwọn ìyá àgbà ń wò mí, wọ́n ń fi ọwọ́ tọ́ ara wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé n kò fẹ́ràn bàbá mi. Mo wo lẹ́tà tó wà lórí itan mi, mo wá rí i pé àga 340 yẹn ni ẹkún mi. Èyí tó kù, mo sun ún nínú ọkọ̀ èrò, obìnrin tó jókòó tì mí sì na áńkáṣífì sí mi láìbéèrè ohun kan.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún, ìtura, ìbínú àti ọ̀fọ̀ lè jọ kó sí yín lára, kì í tò bí ọmọ ilé ìwé. Èyí tó máa ń tẹ̀ lé e ni iyèméjì. Ní oṣù kejì lẹ́yìn lẹ́tà náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí bi ara mi pé èwo ni èmi, èwo ni ọ́tísìmù? Ìwà pẹ̀lẹ́ mi ńkọ́? Bí mo ṣe fẹ́ràn kí fáìlì tò dọ́gba ńkọ́? Mo dà bí ẹni tó fẹ́ yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ tó ti jinná. Mo fi í sílẹ̀. Ọbẹ̀ náà ni mí.

Ohun tó yé mi ni pé lẹ́tà náà kò sọ ẹni tí mo jẹ́. Ó kàn fa àwọn ìdájọ́ tí kò tọ́ ya, àwọn tí mo ti tẹ̀ka sí. Ẹni tó kù lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ mi ló wà láti mọ̀ ọ́n.

Ó tún jẹ́ kí n mọ ìdí tó fi máa ń rẹ̀ mí. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní ọ́tísìmù ló ń fi ara wọn pamọ́: a ń ṣọ́ bí ẹlòmíràn ṣe ń rẹ́rìn-ín, a ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kú ni à ń gbé wọ̀. Egúngún á jó, á bọ́ ẹ̀kú, á sinmi. Àwa ń wọ tiwa láti àárọ̀ Mọ́ńdè di alẹ́ Fúráìdè. Tí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́, wákàtí kan ni mo fi ń jókòó sínú òkùnkùn. Ìyàwó mi rò pé òun ni mo ń bínú sí, fún ọdún 15.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwa nìkan ni kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ní 2012, Damian Milton, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun náà ní ọ́tísìmù, kọ̀wé pé ọ̀nà méjì ni àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí: a kò lóye yín, ẹ kò lóye wa. Ní 2020, ìwádìí kan jáde láti Edinburgh. Wọ́n to àwọn ènìyàn ní mẹ́jọ-mẹ́jọ, wọ́n sọ ìtàn fún ẹni àkọ́kọ́ kó sọ ọ́ fún ìkejì, títí dé ẹni ìkẹjọ. Níbi tí gbogbo àwọn mẹ́jọ ti ní ọ́tísìmù, ohun tó dé ọwọ́ ẹni ìkẹjọ kò dín sí ti àwọn tí kò ní in. Èyí ni pé láàárín ara wa, ọ̀rọ̀ wa ń délé.

Ṣùgbọ́n àlàyé kì í ṣe àwáwí. Mo ti ṣẹ àwọn àna mi nípa sísọ òótọ́ níbi tí wọ́n ti fẹ́ ìtùnú. Lẹ́tà dókítà kò tọrọ àforíjì fún mi. Mo wọṣọ, mo lọ bá wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Ẹnì kan gbà, ẹnì kan ní kí n lọ gbàdúrà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tí ẹ rí ara yín níbẹ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ rédíò ṣe ìwé ẹ̀rí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tijú ló ní ọ́tísìmù. Ẹ lọ bá dókítà ọpọlọ tàbí onímọ̀ ìhùwàsí, kí ẹ mú ẹni tó mọ̀ yín ní kékeré dání. Bí ayé bá sú yín dé ibi tí ẹ ń ro ikú, ẹ má dá a gbé. Ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ẹ sì lọ sí ilé-ìwòsàn. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ sọ odindi ọ̀rọ̀ fún wa. Ìyàwó mi ti jáwọ́ nínú kó máa mí kanlẹ̀ níwájú abọ́. Ó ti ń sọ pé, "Dìde, lọ fọ abọ́." Mo sì ń fọ̀ ọ́. Láti 2008, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ń rántí ọ́tísìmù lọ́dọọdún, ọmọdé ló sì máa ń pọ̀ jù nínú àwòrán rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ń dàgbà. Ẹ máa wò wá nínú ọ́fíìsì, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sálásí, nídìí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Kí n tó máa lọ. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí ọ̀gá wa àtijọ́, tó ti fẹ̀yìn tì. Mo sọ ọ̀rọ̀ fáànù fún wọn, mo ṣàlàyé lẹ́tà dókítà, mo tọrọ àforíjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní àwọn ti gbàgbé. A jókòó díẹ̀. Wọ́n gbé ìwé ìròyìn, wọ́n fi ń fẹ́ ara wọn, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ooru yìí mà pọ̀ o."

Mo dìde, mo tẹ fáànù. Kò sí iná. Mo ṣí fèrèsé.